Ẹ má tíì pààrọ̀ síìlì: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń wá ibi tí PCV ti ń jò

Bí ọ́ìlì bá ń kán láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n sọ gíà kalẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn kúránkì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì. Iṣẹ́ ńlá ni. Síìlì tuntun náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, wọ́n á sì di ẹ̀bi ru ẹni tó tà á. Ó lè jẹ́ pé síìlì ò mọwọ́ mẹsẹ̀, gáàsì tó há sínú ikùn ẹ́ńjìnì ló ń ti ọ́ìlì jáde, torí pé PCV, ìyẹn fáfù àti họ́ọ̀sì tó yẹ kó fa gáàsì náà kúrò, ti bàjẹ́.

Kò sí ẹ́ńjìnì tí ríìngì pístọ́nì rẹ̀ ń dí gáàsì mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí epo bá ti ń jó lókè, díẹ̀ á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì bọ́ sínú ikùn ẹ́ńjìnì níbi tí kúránkì ti ń yí. Tẹ́lẹ̀ rí, páìpù kan ló ń tú gáàsì yìí dà síta. Orí ọkọ̀ tuntun ọdún 1961 ní California ni fáfù PCV ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀, nítorí pé gáàsì náà wà lára ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́. Nígbà tó fi di 1963, ó ti kárí Amẹ́ríkà. Mánífóòdù, ìyẹn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, ló ń fa gáàsì náà padà kó lè jó, afẹ́fẹ́ mímọ́ sì ń gba họ́ọ̀sì kejì wọlé láti ẹ̀yìn fílítà. Ìfà díẹ̀ ló yẹ kó wà nínú ikùn ẹ́ńjìnì nígbà tó bá wà ní sílò, ìyẹn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ láìtẹ ìná. Bí ọ̀nà bá dí, ìfà yẹn á sọnù, ọ́ìlì á sì wá ibi tó rọ̀ gbà jáde. Bí họ́ọ̀sì bá là, ẹ́ńjìnì á máa mu afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n fún un.

Gbígbọn fáfù láti gbọ́ bóyá ó ń dún ni ìdánwò tí gbogbo ènìyàn mọ̀, òun náà ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Dídún rẹ̀ kò fi hàn ju pé irin inú rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ra. Kò sọ bóyá sípíríìngì rẹ̀ ti dẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun nípa họ́ọ̀sì. Ẹ yọ fáfù náà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní sílò, kí ẹ fi ìka dí ojú rẹ̀: ó yẹ kó fa ìka yín. Bí kò bá fà á, ẹ tọ họ́ọ̀sì lọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ abẹ́ rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ kọrọ, torí abẹ́ ibẹ̀ ló sábà máa ń là sí, níbi tí ojú kò dé.

Ìdánwò ìdérí ọ́ìlì náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àwọn kan á ṣí i, ẹ́ńjìnì á gbọ̀n rìrì, wọ́n á ní PCV ti bàjẹ́. Ẹ́ńjìnì tó ní sẹ́nsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ gbọ̀n bí ẹ bá ṣí i. Àìyípadà rárá ló yẹ kó kọ yín lóminú. Èyí tó ń wọn ìfà mánífóòdù lè má gbọ̀n, kí eré sílò rẹ̀ kàn lọ sókè. Bí ìdérí bá ṣòro láti ṣí torí pé ìfà dì í mú, tí ẹ sì ń gbọ́ ohùn bí ìfèé, rọ́bà pẹlẹbẹ inú PCV ló ti ya.

Wíwọ̀n ló dá mi lójú ju gbogbo ìméfò lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní sílò, ẹ gbé bébà lé ojú ihò ọ́ìlì. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so rọ́bà tó mọ́ gaara, tí ẹ tẹ̀ bí lẹ́tà U, tí ẹ sì bu omi sí, mọ́ ihò géèjì ọ́ìlì. Psi 1 péré (psi ni òṣùwọ̀n tí géèjì táyà fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) máa ń gbé omi sókè ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70, ìdí nìyẹn tí géèjì táyà kò fi lè rí ohun tí à ń wá. Àmọ́ bí ìfà bá fa bébà náà gidigidi, ẹ má so omi mọ́ ọn, kó má bàa fà á mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n pẹtiróòlù tàbí ohun ìfọkábúrétọ̀ sára ẹ́ńjìnì gbígbóná láti wá ibi tó ń jò. Iná ni. Èéfín inú ẹ̀rọ ìdánwò ló tọ́, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ní pípa, kí agbára rẹ̀ má sì kọjá psi 1. Ẹni tó bá fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ilé iṣẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn ẹ́ńjìnì á fọwọ́ ara rẹ̀ ti síìlì tó dára jáde. Bí èéfín bá yọ láti ihò kékeré lára ìdérí PCV, rọ́bà inú rẹ̀ ló ya. Mo ti rí i tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ihò yẹn! Ibẹ̀ ni rọ́bà náà ti ń mí. Bí ẹ bá dí i, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Lórí skánà, kóòdù P0171, tó ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, máa ń mú kí wọ́n sáré ra sẹ́nsọ̀. Ẹ wo iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un ní sílò, kí ẹ tún wò ó ní ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá lé ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní sílò, tó sì ń sún mọ́ òdo lókè, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan.

Ẹ́ńjìnì tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, tún yàtọ̀: ọ̀nà méjì ni gáàsì rẹ̀ ń gbà, sílò kò sì lè fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí tọ́bò bá ń fẹ́ hàn.

Bí gbogbo họ́ọ̀sì bá pé, tí ọ̀nà kò dí, tí gáàsì sì ń tú yàà láti ihò ọ́ìlì, ẹ wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí pístọ́nì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kí ẹ tó ra PCV mìíràn, torí ríìngì lè ti jẹ. Bí họ́ọ̀sì ló là, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì ni kí ẹ fi sí i. Họ́ọ̀sì omi máa ń wú, á rọ̀, ìfà á sì pa á pọ̀ láàárín oṣù díẹ̀.