Bí ẹ ṣe lè jà fún àárín ìgboro yín àti bọ́ọ̀sì tó ń wá lásìkò

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó wà lọ́kàn mi o. Ọ̀rọ̀ àárín ìgboro tó ń kú díẹ̀díẹ̀ àti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tí kì í wá lásìkò, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹsẹ̀ èèyàn ló ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀sì ló sì ń kó ẹsẹ̀ yẹn wọ ìgboro. Tí bọ́ọ̀sì ò bá ṣe é gbára lé, ẹni tó ní mọ́tò á gbé mọ́tò ẹ̀ wá, ẹni tí ò ní á jókòó sílé, mọ́tò á wá pọ̀ débi tí wọ́n á fi máa wó ilé láti fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, tó bá sì ti di pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ló pọ̀ ju ilé lọ, kí lèèyàn tún ń wá lọ síbẹ̀?

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ ariwo lásán náà kì í tó. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ bèèrè nǹkan kékeré kan tó ṣe pàtó, kí iye tí ẹ̀yin fúnra yín kà wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó láṣẹ lórí ẹ̀ kí wọ́n tó pín owó ọdún tán. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo

Tí ẹ bá ní "ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ṣe", gbogbo aláṣẹ ló máa mi orí, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe nǹkan kan torí ẹ ò bèèrè nǹkan kan. Ẹ sọ pé kí bọ́ọ̀sì tó ń gba títì báyìí báyìí máa wá ní ìṣẹ́jú 10-10 láti aago 6 sí 9 àárọ̀. Tàbí kí wọ́n fi ìjókòó àti ìbòji sí ibùdókọ̀ mẹ́ta yìí, kí wọ́n tan iná títì yìí láàárín ibi báyìí sí ibi báyìí. Èyí tí èèyàn lè lọ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kó sì sọ pé wọ́n ṣe é tàbí wọn ò ṣe é, irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú.

Kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ síta, ẹ wádìí ẹni tó ni ín. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi àkókò ṣòfò nìyẹn, torí lọ́pọ̀ ìlú, ọ́fíìsì tó ni bọ́ọ̀sì kọ́ ló ni títì, ẹni tó ń bójú tó etí títì tún yàtọ̀, owó ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ lè kọ lẹ́tà tó dáa sí káńsù, kó jẹ́ pé ìjọba òkè ló ni títì yẹn látilẹ̀, lẹ́tà yín á kàn sùn sínú dúrọ́ọ̀ ni.

Ẹ lọ kà á fúnra yín

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ mú ìwé àti bíro, ẹ dúró sí ibùdókọ̀ kan fún wákàtí méjì, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ aago tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan dé, iye èèyàn tó wọlé, iye tó wà lórí ìdúró, iye tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀ torí ó ti kún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ni pé bọ́ọ̀sì ń wá ní ìṣẹ́jú 15-15. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ni aago 7:04, 7:06, 7:07, lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan kan títí di 7:51. Ìyá àgbà kan dé ní bíi 7:10, ó dúró tì mí, ó ń fọwọ́ ra orúnkún, nígbà tó yá ó jókòó sórí ẹnu gọ́tà ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Nígbà tí èyí tó dé ní 7:51 ṣílẹ̀kùn, ó ti kún débi pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní láti kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ kí ìyá náà tó rí ẹsẹ̀ gbé wọlé. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ máa kọ irú ẹ̀ sílẹ̀, torí nọ́ńbà ni wọ́n máa fi ṣèpinnu àmọ́ ìyá yẹn ni wọ́n máa rántí.

Ẹ má sì rò pé dẹ́rẹ́bà ló burú tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀sì mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á dá ti iwájú dúró díẹ̀, èrò á ti pọ̀ sí i ní ibùdókọ̀ tó kàn, wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó wọlé tán, ọkọ̀ náà á tún pẹ́ sí i, ti ẹ̀yìn ò bá èrò kankan mọ́ torí ti iwájú ti kó wọn, á sáré, á lé e bá. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì nìkan ń gbà ṣe pàtàkì, àti kí èèyàn lè gba gbogbo ilẹ̀kùn wọlé.

Ìṣirò kan wà tó máa ń yé gbogbo èèyàn. Tí bọ́ọ̀sì bá ń wá ní ìṣẹ́jú 30-30, tó sì ń wá bó ṣe yẹ, ẹni tó kàn rìn dé ibùdókọ̀ máa dúró ìṣẹ́jú 15 tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, tó bá jẹ́ 10-10, ìṣẹ́jú 5 ni. Ẹ fi iye èrò tí ẹ kà sọ ìyàtọ̀ yẹn di púpọ̀, ẹ máa rí iye wákàtí ayé èèyàn tó ń ṣòfò láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Kíkà yìí kì í ṣe eré o. Ní Los Angeles, ọdún 1994, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú náà fẹ́ fowó kún owó ọkọ̀ kí wọ́n sì fagi lé káàdì olóṣooṣù, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì, Bus Riders Union, bá gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tó di 1996 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 10 nílé ẹjọ́, iye èèyàn tó lè wà lórí ìdúró nínú bọ́ọ̀sì sì wà lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Òǹkà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá wọ́n pa àdéhùn mọ́.

Ti ìgboro náà, ẹ fẹsẹ̀ rin títì kan láti òpin dé òpin, ní ọ̀sán àti lálẹ́. Mélòó ni ṣọ́ọ̀bù tó tìpa, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mélòó ló ṣófo, ibo ni arúgbó lè jókòó sí, ibo ni iná ti kú. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ sí i.

Ẹ wá àwọn tí ẹ jọ máa ṣe é

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ ò nílò ẹgbẹ̀rún èèyàn, mẹ́jọ tó máa ń wá sípàdé tó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yàtọ̀ síra: òṣìṣẹ́ alẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, ọlọ́jà, àti dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé dẹ́rẹ́bà, wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ ju ẹni tó wà ní ọ́fíìsì lọ.

Àwọn onísọ́ọ̀bù ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rù jù, wọ́n á ní tí ibi ìpáàkì bá dín, oníbàárà ò ní wá mọ́. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí ẹ jọ bi àwọn oníbàárà fún ọjọ́ kan, pé kí ni wọ́n wọ̀ wá. Ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn onísọ́ọ̀bù rò pé ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà wọn ló ń gbé mọ́tò wá, nígbà tí wọ́n bi àwọn oníbàárà gan-an, ìdá 22 péré ni. Tó bá jẹ́ onísọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ ló bèèrè, ó máa gba ìdáhùn tó bá gbọ́ ju tiyín lọ.

Ẹ sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ fẹ́ kí owó ilé má lé wọn lọ. Ìgboro tó bá ń jí, lánlọ́ọ̀dù á fowó kún owó ilé, àwọn tó fara da ìgbà tí kò sí oníbàárà ló sì máa ń kọ́kọ́ kó jáde. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i. Ẹ fi í sínú ohun tí ẹ ń bèèrè, ẹ má dúró dìgbà tó bá bọ́.

Ẹ ní kí wọ́n dán an wò ná

Aláṣẹ ń bẹ̀rù ohun tí ò ní ṣe é yí padà. Torí náà ẹ sọ pé "ẹ dán an wò fún oṣù mẹ́fà". Ní New York, Robert Moses, aláṣẹ tó ń bójú tó ọgbà àti ọ̀nà ìlú náà, fẹ́ la títì gba inú Washington Square Park kọjá, àwọn ìyá àdúgbò bíi Shirley Hayes kọ̀ jálẹ̀, Jane Jacobs tó ń kọ̀wé nípa ìlú náà dara pọ̀ mọ́ wọn, ohun tí wọ́n sì bèèrè ni kí wọ́n ti ọgbà náà mọ́ mọ́tò fún ìgbà díẹ̀ ná. Wọ́n tì í ní 1958, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wọ́n ò ṣẹlẹ̀, mọ́tò ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ní Copenhagen ní Denmark, títì Strøget di ti ẹlẹ́sẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1962, ìdánwò ni wọ́n pè é, àwọn onísọ́ọ̀bù kígbe, nígbà tó di 1964 wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé. Stockholm ní Sweden náà fi bọ́ọ̀sì kún èyí tí wọ́n ní, wọ́n sì dán gbígba owó lọ́wọ́ mọ́tò tó bá wọ ìgboro wò láti oṣù kìíní sí oṣù keje 2006. Ọ̀pọ̀ ò fẹ́ ẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún, nígbà tí àwọn ará ìlú Stockholm wá dìbò ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn tó ní kí wọ́n máa bá a lọ ló pọ̀ jù.

Ìpàdé àti owó

Ẹ bèèrè oṣù tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe oṣù tí wọ́n ń fọwọ́ sí i o, torí nígbà tí wọ́n bá pe ará ìlú wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ owó ti níbi tó ń lọ. Ẹ lọ rí akọ̀wé tàbí òṣìṣẹ́ tó ń kọ ọ́ ṣáájú, ojúlé wọn ò le tó bí ẹ ṣe rò.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fúnni, ẹ fi ṣe nǹkan mẹ́ta yìí: orúkọ yín àti bọ́ọ̀sì tí ẹ ń wọ̀, ohun tí ẹ kà, ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ fún wọn ní ìwé ojú kan, ojú kan péré. Kí èèyàn mẹ́rin má sọ ohun kan náà, kí ẹnì kan sọ ti aago, ẹnì kan ti ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan ti orúnkún ìyá àgbà. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni.

Wọ́n máa ní kò sówó. Ẹ ti múra ìdáhùn sílẹ̀: ọ̀dà tí wọ́n fi ń ya ọ̀nà bọ́ọ̀sì ò tó owó afárá rárá, NACTO, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ ìrìnnà ìlú ní Amẹ́ríkà, sì kọ ọ́ pé ọ̀nà kan tí mọ́tò àdáni ń gbà ń gbé èèyàn 600 sí 1,600 kọjá ní wákàtí kan, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì nìkan ló ń gbà á, ó lè gbé 4,000 sí 8,000. Títì kan náà ni, kò fẹ̀ sí i.

Tí wọ́n bá gbà, ẹ kọ lẹ́tà ọpẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dá sínú ẹ̀ kedere. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ló máa mú kí wọ́n gbà, ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ lójú wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà sí ibùdókọ̀ kan náà, aago kan náà, pẹ̀lú ìwé kan náà, ẹ ṣí ojú ewé tuntun, kẹ́ ẹ kọ aago tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé.