Bí a ṣe ń se ìpanu àti aládùn ilẹ̀ Faransé sílẹ̀ de ọjọ́ àríyá

Bí àlejò bá dé tí ẹ ṣì wà nídìí iná, ẹ ò ní ráyè bá wọn jókòó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ pè wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọgbọ́n ìdáná ilẹ̀ Faransé. Púpọ̀ nínú ìpanu tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀fun àlejò, àti aládùn tí wọ́n fi ń parí oúnjẹ, ló jẹ́ pé a lè ṣe é sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Mẹ́ta rèé, fún nǹkan bí èèyàn mẹ́fà.

Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan: gougères

Ìpanu kéékèèké oníwàràkàṣì tí wọ́n ń yan ni gougères. Agbègbè Bourgogne ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù, wọ́n sì máa ń gbé e síwájú ẹni tó bá wá tọ́ wáìnì wò níbẹ̀. Ẹ gbé omi 250 mílílítà, bọ́tà 100 gíráàmù àti iyọ̀ díẹ̀ kaná. Bó bá hó, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ da fúláwà 150 gíráàmù sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Ẹ dá a padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú kan kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ po ẹyin mẹ́rin mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wàràkàṣì Comté tàbí Gruyère tí ẹ ti rin, 150 gíráàmù. Ẹ fi ṣíbí dá a sórí páànù bí àkàrà kéékèèké, ẹ gbé e sínú fírísà. Bó bá ti dì, ẹ kó o sínú ọ̀rá.

Bó bá ku ọjọ́ méjì: ẹ̀dọ̀ adìẹ lílọ̀

Ẹ ṣa ẹ̀dọ̀ adìẹ 400 gíráàmù dáadáa. Ibi tó bá ní àwọ̀ ewé lára rẹ̀, òróòro ló kàn án. Ẹ gé e dànù, torí díẹ̀ péré lè mú gbogbo rẹ̀ korò. Ẹ fi bọ́tà 50 gíráàmù din àlùbọ́sà kéékèèké méjì pẹ̀lú táìmù, kí ẹ tó kó ẹ̀dọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ alásè Faransé ń fẹ́ kí àárín rẹ̀ ṣì pupa díẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àìsàn lè wà nínú ẹ̀dọ̀ adìẹ, àyàfi tí iná bá dé inú rẹ̀ ló fi ń kú. Ẹ jẹ́ kó jinná dénú, pàápàá bí ọmọdé bá máa wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè wá da brandy ṣíbí mẹ́ta sí i, kó hó gbẹ.

Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú bọ́tà 150 gíráàmù, iyọ̀ àti ata dúdú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ rọ ọ́ sínú abọ́ kéékèèké. Ẹ yọ́ bọ́tà díẹ̀ dà lé e lórí kó bò ó pátá. Bọ́tà yìí ni ìdérí rẹ̀: kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn án kí ojú rẹ̀ ṣú. Inú fíríìjì ni kó wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: crème caramel

Aládùn ẹyin àti mílíìkì tó ní ọbẹ̀ ṣúgà lórí lèyí, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ gbé ṣúgà 100 gíráàmù àti omi ṣíbí méjì kaná. Ẹ má rò ó. Ẹ kàn máa yí ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá pọ́n bí oyin tó ṣú, ẹ dà á sí ìsàlẹ̀ ife mẹ́fà tó lè wọ ófùn. Ẹ ṣọ́ra, ó gbóná ju omi híhó lọ.

Ẹ mú mílíìkì 500 mílílítà gbóná pẹ̀lú fànílà, kó má hó. Ẹ po odindi ẹyin mẹ́ta àti pupa ẹyin méjì pẹ̀lú ṣúgà 100 gíráàmù, láìjẹ́ kó yọ fóòmù. Ẹ rọra da mílíìkì sí i, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ bù ú sínú ife. Ẹ to ife sínú páànù jíjìn, ẹ da omi gbígbóná yí wọn ká dé ìdajì, kí ẹ gbé e sínú ófùn 160°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Omi yìí kì í jẹ́ kí iná kọlu ẹyin. Bí kò bá sí, ihò ni yóò kún inú rẹ̀. Kí àárín rẹ̀ ṣì máa mì díẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e jáde.

Bó bá tutù, fíríìjì ló kàn, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣúgà tó ti le gbagidi nísàlẹ̀ á máa fa omi láti ara ẹyin àti mílíìkì lóru, á sì di ọbẹ̀ ṣíṣàn. Ẹni tó bá kánjú yí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ ife ni púpọ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ àríyá

Ẹ gbé ẹ̀dọ̀ jáde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí ẹ sì yan búrẹ́dì tí wọ́n á fi jẹ ẹ́. Gougères kò nílò kó yọ́: bó ṣe dì náà ni kó wọ ófùn 200°C, fún ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹ má ṣí ófùn kí 20 tó pé, kó má baà wọlẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi ọ̀bẹ yí etí ife crème caramel kọ̀ọ̀kan ká, ẹ dé àwo lé e, ẹ yí i dà, kí ẹ sì dúró títí ẹ ó fi gbọ́ tó já sílẹ̀.