Egungun Ẹja, Ọkàn àti Ọpọlọ: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Agbègbè Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá ti sin adìyẹ lẹ́yà rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Adìyẹ tó ń yé déédéé, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dán, tí kò sín, tí kò wúkọ́, yóò kàn jókòó sínú kéèjì lọ́jọ́ kan, kò ní lè dìde mọ́. Ẹ gbé e nàró, yóò tún wó lulẹ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹyin wà níbẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mọ́kànlá ló ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti náwó oògùn tán kí ìyá àgbà kan tó ń ta fíìdì tó bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lò ń fún wọn jẹ tí wọ́n fi ń rí èèpo ẹyin ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òkúta ẹfun lílọ̀ ni mo ti dín kù nínú fíìdì kí owó má baà pọ̀ jù.

Èèpo ẹyin kan gba nǹkan bíi gíráàmù 2 kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú èèpo ẹyin àti egungun le. Bí fíìdì kò bá ní in, adìyẹ kì í tìtorí ìyẹn dáwọ́ ẹyin dúró lójú ẹsẹ̀. Egungun ara rẹ̀ ni yóò máa yọ lò, títí ẹsẹ̀ kò fi ní gbé e mọ́.

Ara ènìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àwọn àgbẹ̀ láti ilé adìyẹ, kì í ṣe láti ilé ìwòsàn. Nínú gbogbo kálísíọ̀mù tó wà lára wa, bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú egungun àti eyín. Ìdá 1 tó kù wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, òun ló sì ń bá ọkàn àti ọpọlọ ṣiṣẹ́. Ara kì í fẹ́ kí ti inú ẹ̀jẹ̀ yìí dín kù rárá. Ẹ̀yà ara kékeré mẹ́rin kan wà lọ́rùn wa, kò ju hóró ìrẹsì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Bí oúnjẹ kò bá mú un wá, wọn yóò ránṣẹ́ sí egungun. Ẹ lè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n ní kò sí wàhálà, nígbà tí egungun ti ń jó rẹ̀yìn láti ọdún mẹ́wàá.

Ohun tó ń ṣe nínú ọkàn

Ní 1883, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Sydney Ringer, ń wo bí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ṣe lè máa lù nínú omi oníyọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ẹran náà. (Ọ̀pọ̀lọ́ inú ẹrọ̀fọ̀ ni mo wí o, ti inú agbárí ń bọ̀ lẹ́yìn.) Ọkàn náà ń lù dáadáa. Ìgbà tó wá fi omi tí wọ́n sẹ́ mọ́ tónítóní pò ó, ọkàn dákẹ́. Ó wádìí, ó sì rí i pé omi ẹ̀rọ ìlú ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, kálísíọ̀mù tó wà nínú omi náà ló ń mú ọkàn lù.

Nígbàkigbà tí ọkàn yín bá lù, kálísíọ̀mù díẹ̀ wọ inú ẹran ọkàn, ẹran náà fún pọ̀, ó ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Kálísíọ̀mù tún jáde, ẹran náà dẹ̀. Bí ìgbà 100,000 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ náà ní irú ẹran bẹ́ẹ̀, tó ń fún, tó sì ń dẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dá bàbá apẹja kan lóhùn. Ó gbé páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wá sípàdé, amlodipine ni. Ọmọ rẹ̀ ti ka ìwé inú rẹ̀ fún un pé oògùn náà ń dínà mọ́ kálísíọ̀mù. Bàbá bá fi ẹja elégungun sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ó ní kálísíọ̀mù ló fẹ́ pa òun. Rárá o, Bàbá. Ẹnu ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ni oògùn yẹn ń pa dé díẹ̀, kí ògiri náà lè dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá. Kò bá ẹja inú abọ́ yín jà. Ẹ máa lo oògùn yín, ẹ máa jẹ ẹja yín.

Ti ọpọlọ àti rọpárọsẹ̀

Ọpọlọ ń fi kálísíọ̀mù ránṣẹ́ láti orí iṣan kan sí èkejì. Àmọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà: ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọlé, kí wọ́n sì tún tì í jáde kíá. Ẹ̀yin tí ẹ gbẹ́ kòtò ẹja sétí ọ̀sà mọ bó ṣe rí. Omi ló ń mú ẹja yè, ṣùgbọ́n bí òjò bá pọ̀ tí bèbè kòtò ya, omi ọ̀sà kan náà ni yóò wọlé kó ẹja lọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí òpó tó ń lọ sí ọpọlọ, agbára tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń ti kálísíọ̀mù síta á tán, bèbè á ya, kálísíọ̀mù á ya wọlé, ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú iye ẹja tí ènìyàn jẹ lánàá. Àìsí ẹ̀jẹ̀ ló fà á, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ń ṣáájú rẹ̀ jù lọ.

Àwọn kan ti gbọ́ pé kálísíọ̀mù máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, ó ń mú un le. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé: ibi tí ògiri ti sán ni bíríkìlà ń fi sìmẹ́ńtì dí. Ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn kíndìnrín ló ń sán ògiri náà. Ìyẹn ni ká kọ́kọ́ lé.

Inú ìkòkò wa

Àgbàlagbà nílò bíi mílígíráàmù 1,000 kálísíọ̀mù lóòjọ́. Obìnrin tó ti kọjá 50 ọdún àti ẹnikẹ́ni tó ti kọjá 70 nílò 1,200. Ife wàrà ńlá kan ní bíi 300. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ń ra mílíìkì lójoojúmọ́ lásìkò yìí. Gààrí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan níbẹ̀, bó ti wù kó kan tó. Àmọ́ a kì í gbé etí ọ̀sà ká máa wá egungun ẹja tì.

Ohun tó ń dùn mí lọ́jà Olúwo ni bí a ṣe ń ra ẹja ńlá tí a ó yọ egungun rẹ̀ dà nù, tí a sì ń pe ẹja wẹ́wẹ́ ní ẹja tálákà. Ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ tegungun-tegungun ló ní kálísíọ̀mù. Ẹ mú ṣáwá yíyan tó gbẹ, ẹ já orí rẹ̀ àti ìfun rẹ̀ kúrò, ẹ má yọ egungun. Ẹ dà á sínú agbada lórí iná tó rọra, láìsí epo, kí ẹ máa yí i títí yóò fi máa dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Ẹ gún un lódó, ẹ jọ̀ ọ́. Èyí tó kù sórí ajọ̀, egungun nìyẹn, ẹ má dà á nù, ẹ dá a padà sódó títí yóò fi kúnná. Ẹ kó o sínú ìgò tó gbẹ. Síbí méjì nínú ọbẹ̀, tàbí nínú ìkọ́kọrẹ́, kò ní í ba adùn rẹ̀ jẹ́, màgí yóò sì dín kù. Ọmọdé tí egungun lè há lọ́fun àti arúgbó tí kò léyín mọ́ lè jẹ ẹ́. Ẹ̀pìà kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, egungun rẹ̀ le jù.

Edé tí a lọ̀ tèèpo-tèèpo dára. Wàràǹkàṣì, ẹ̀wà, ewédú àti yànmọ̀tí náà dára. Ewé tẹ̀tẹ̀ ní kálísíọ̀mù, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń dì í mú kí ara má lè gbà á. Ẹ máa jẹ ẹ́ nítorí àǹfààní rẹ̀ mìíràn, ẹ má fi òun nìkan ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ yín.

Ṣọ́ọ́ṣì àti mọ́sáláṣí mélòó ni a ti sọ̀rọ̀ iyọ̀ dé! Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: bí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú ara, kíndìnrín á máa da kálísíọ̀mù sínú ìtọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ó tún ń jí nínú egungun. Gíráàmù 5, bíi síbí tíì kan, ni kó má jù lóòjọ́, ti màgí àti ẹja oníyọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Kán-ún tí à ń fi sí ewédú náà, irú iyọ̀ kan ni.

Ní Amẹ́ríkà ní 1997, wọ́n fi hàn pé oúnjẹ tó kún fún èso, ewébẹ̀ àti wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kéré ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe kálísíọ̀mù nìkan.

Kálísíọ̀mù oníhóró ńkọ́?

Ẹ má rà á fúnra yín lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Ní 2010, àwọn oníwádìí kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n ní àwọn tó ń lo hóró kálísíọ̀mù láìsí fítámì D ní ìkọlù ọkàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Àwọn mìíràn ní 2016 sọ pé bí kò bá ti kọjá ìwọ̀n, kò séwu fún ọkàn. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ti inú oúnjẹ kò bá wọn dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, èmi sì mọ ibi tí mo dúró sí. Hóró lè fa òkúta inú kíndìnrín, ó lè ba iṣẹ́ àwọn oògùn kòkòrò kan jẹ́, kì í sì í bá àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú ni tọ̀ rẹ́. Bí dókítà bá kọ ọ́, ẹ lò ó, ẹ má ju mílígíráàmù 500 lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Aboyún ló yàtọ̀. Níbi tí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ bá ti kéré, àjọ ìlera àgbáyé ní kí aboyún máa lo gíráàmù 1.5 sí 2 lóòjọ́, nítorí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kù, èyí tó lè di gìrì. Bí wọ́n bá fún un yín ní kíníìkì, ẹ má kó o sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ lò ó lọ́tọ̀, kí ẹ lo oògùn tó ń fún aboyún lẹ́jẹ̀ (áyọ́ọ̀nù) lọ́tọ̀, kí wákàtí díẹ̀ wà láàárín wọn. Obìnrin tó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru yìí rí gbọ́dọ̀ máa yẹ ara rẹ̀ wò títí ayé, torí ewu rọpárọsẹ̀ rẹ̀ ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò, kábáìdì tí wọ́n fi ń mú èso pọ́n kì í ṣe oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kálísíọ̀mù kábáìdì ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa. Májèlé lè wà nínú rẹ̀.

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ẹnì kan

Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, ẹnu wọ́ sápá kan. Ẹ ní kó gbé apá méjèèjì sókè, ọ̀kan ń wálẹ̀. Ẹ ní kó sọ̀rọ̀, ahọ́n ń lọ́. Ọ̀kan péré nínú wọn ti tó. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní omi, ó lè gbà á lọ́fun. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ bó bá ń bì. Ẹ wo aago, ẹ rántí ìgbà tí ara rẹ̀ yá kẹ́yìn, nítorí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà wúlò mọ́ bí wákàtí 4 àbọ̀ bá ti kọjá. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ wá mọ́tò sí ọsibítù.