Bí A Ṣe Lè Dá Melissotarsus Mọ̀: Èèrà Tó Ń Gbé Inú Èèpo Igi Tútù

Èèrà tí a mọ̀ jù ni èyí tó ń wá bá wa. Ìjàlọ á tò kọjá lójú ọ̀nà oko, tánpẹ́pẹ́ á ta wá lẹ́sẹ̀, èèrà wẹ́wẹ́ á wọ inú ṣúgà. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wá bá ẹnikẹ́ni. Inú èèpo igi tó ṣì ń rúwé ni wọ́n ń bí i sí, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kú sí. Ènìyàn lè máa jókòó sábẹ́ igi kan lójoojúmọ́ kí àìmọye wọn wà nínú èèpo rẹ̀, kó má sì rí ẹyọ kan.

Melissotarsus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Onímọ̀ ará Ítálì kan, Carlo Emery, ló fún un lórúkọ lọ́dún 1877, láti ara èèrà tí wọ́n kó wá láti Eritrea. Irú mẹ́rin ni wọ́n kà sí i lónìí: mẹ́ta wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà gan-an, ọ̀kan wà ní Madagascar. Wọ́n ti ṣe ìwádìí nípa rẹ̀ ní Côte d'Ivoire, wọ́n sì ti rí i lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Cameroon lára igi tí wọ́n ń pè ní safou níbẹ̀, èyí tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ń pè ní úbe. Ẹni tó bá ń gbé ní ìgbèríko tí igi pọ̀ sí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí ní ìdí láti wá a, nítorí ìwọ̀nba ènìyàn ló ń wo inú èèpo igi.

Ohun tí ẹ máa lò

Kò pọ̀. Dígí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá ṣe pàtàkì jù, nítorí èèrà yìí kò ju mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ wá ọ̀bẹ kékeré tó mú, bébà funfun, ìgò kékeré tó ní sípíríìtì nínú, pẹ́ńsù, àti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ayàwòrán ń lò. Ẹ má ṣe fi ẹ̀mú mú èèrà tó kéré tó yìí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni. Ẹ ti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì bọ sípíríìtì, ẹ fi kan èèrà náà, á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ wá igi tó wà láàyè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í. Bí a bá ń wá èèrà inú igi, ọkàn wa máa ń lọ síbi igi tó ti kú, tó ti ń jẹrà. Èèrà púpọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Melissotarsus kò sí lára wọn. Igi tútù ló ń gbẹ́, nítorí pé kòkòrò tó ń sìn nínú ilé rẹ̀ ń fa omi ara igi mu, igi tó ti kú kò sì ní omi tí kòkòrò náà lè fà. Ẹ má sì retí pé ẹ máa rí èèrà tó tò lọ tò bọ̀ lára igi. Wọn kì í jáde wá oúnjẹ.

Ìgbà tí ẹnì kan bá ń gé ẹ̀ka dànù ló dára jù láti wò. Ẹ tọrọ ẹ̀ka tútù tó nípọn díẹ̀, kí ẹ bẹ èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ igi tó dúró lẹ ń wò, ẹ gba àyè lọ́wọ́ olówó rẹ̀, kí ẹ sì bẹ ibi tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Láéláé, ẹ má ṣe bẹ èèpo yí igi ká. Abẹ́ èèpo yẹn ni oúnjẹ igi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti ara ewé. Bí ẹ bá gé e yípo, igi náà máa kú. Èèrà kan kò tó nǹkan tí a ń torí rẹ̀ pa igi eléso.

Ohun tí ẹ máa rí nígbà tí èèpo bá ṣí

Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ máa rí àwọn ihò tóóró tó gba inú èèpo kọjá, tí wọ́n já sí ara wọn, tí ọ̀nà wọn kò ga ju ara èèrà náà lọ. Ẹ máa rí èèrà aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tàbí òfééfèé, àwọn kan kéré, àwọn kan tóbi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Láàárín wọn ni ẹ ó ti rí kòkòrò pẹlẹbẹ kéékèèké tí kì í rìn, tó ki ẹnu bọ inú igi. Irú kòkòrò yìí tó wà níta a máa kọ́ ìbòrí líle lé ara rẹ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ Melissotarsus wà ní ìhòòhò, nítorí ó ti wà lábẹ́ ààbò. Nǹkan kan yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀: kì í ṣu omi dídùn bí àwọn kòkòrò tí èèrà mìíràn ń dà lórí ewé. Nítorí náà, kì í ṣe torí omi dídùn ni àwọn èèrà yìí fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ ní sùúrù, ẹ máa wo ibi tí ẹ fi ọ̀bẹ ṣí. Àwọn èèrà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dí i padà, wọ́n á fi òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹ̀rúnrún igi pọ̀. Òwú yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Èèrà pupa tó ń fi ewé ṣe ilé lórí igi kòkó àti mángòrò ń lo òwú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbà ló ń pọ̀ ọ́: ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà ní ìdin ni àgbà máa ń gbé sẹ́nu, tí á fi ẹnu ọmọ náà rán ewé méjì pọ̀. Ní ti Melissotarsus, àgbà òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń pọ òwú jáde láti abẹ́ orí, nítòsí ẹnu, tó sì ń fi irun wẹ́wẹ́ tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú fà á. Kò wọ́pọ̀ rárá láàárín èèrà.

Ẹ wo ẹsẹ̀ àárín

Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa wò, òun nìyí. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni èèrà ní, méjì níwájú, méjì láàárín, méjì lẹ́yìn, gbogbo wọn ló sì máa ń tẹ ilẹ̀. Méjì tó wà láàárín lára Melissotarsus kọjú sókè. Bó bá wà nínú ihò rẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn á tẹ ilẹ̀ ihò, ti àárín á ti òrùlé, bí agbẹ́kànga tó fi ẹsẹ̀ ti ògiri méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi ara dúró gbọn-in nígbà tó bá ń fi ẹnu gbẹ́ igi tútù, iṣẹ́ tó gba agbára.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ gbé èèrà kan tó wà láàyè sórí bébà funfun. Kò ní lè rìn dáadáa: á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, á máa ṣubú, ẹsẹ̀ àárín á máa wá òrùlé tí kò sí. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà sínú ihò tó wà lára èèpo tí ẹ bẹ, kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo ojú ihò náà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ọ̀rá náà, ẹ ó rí bó ṣe ń fi í tì, tó sì ń lọ.

Ẹ má fi ẹyọ kan ṣe ìdájọ́ o. Èèrà tó fara pa lè ká ẹsẹ̀ sókè, òkú èèrà náà a sì máa ká ẹsẹ̀. Ẹ wo bíi mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó wà láàyè. Bí gbogbo wọn bá gbé ẹsẹ̀ àárín sókè, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ wá fi dígí wo ibi tí ẹsẹ̀ ti so mọ́ àyà. Lára èèrà púpọ̀, ìdí ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń tóbi jù. Lára èyí, ìdí ẹsẹ̀ àárín àti ti ẹ̀yìn ló wú, nítorí ibẹ̀ ni iṣan tó ń ti ògiri ihò wà. Oríkèé tó gùn jù nínú àtẹ́lẹsẹ̀ náà wú, ó sì ní eyín kéékèèké tó le ní ẹ̀bá ìparí rẹ̀. Dígí ọwọ́ lásán lè má fi eyín yìí hàn, maikirosíkóòpù ni yóò fi í hàn kedere.

Láti orí dé ìdí

Orí rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ ara kékeré bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin. Iṣan àgbọ̀n ló kún inú rẹ̀. Àgbọ̀n náà kúrú, ó nípọn, síńkì tó wà ní ẹnu rẹ̀ ló sì mú un le. Síbẹ̀ igi a máa jẹ ẹ́ kúnlẹ̀ bí èèrà bá ti ń dàgbà. Ojú rẹ̀ kéré, ó wà ní ẹ̀gbẹ́.

Ẹ ka oríkèé ìwo rẹ̀, ìyẹn ohun méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ níwájú orí. Méjìlá ló wà lára ìwo èèrà òṣìṣẹ́ púpọ̀. Mẹ́fà péré ni ti Melissotarsus, méjì tó gbẹ̀yìn sì nípọn ju ìyókù lọ. Ẹ̀yìn àyà rẹ̀ tẹ́jú geere, kò ní ẹ̀gún, kò sì ní kòtò láàárín. Ìbàdí rẹ̀ ní kókó méjì, èyí tó wà lẹ́yìn sì fẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ikùn.

Àwọn tó lè tan yín jẹ

Ìkán ni àkọ́kọ́, nítorí pé òun náà ń gbé inú igi. Ìkán kò ní ìbàdí tóóró, ìwo rẹ̀ kò sì ṣẹ́ ní ìgunpá bíi ti èèrà. Èkejì ni àwọn èèrà dúdú kéékèèké tó máa ń gbé ìdí sókè bí wọ́n bá bínú, tí wọ́n ń gbé inú ẹ̀ka tó ti gbẹ. Ìwọ̀nyí ń sáré dáadáa lórí bébà, ìyẹn nìkan ti tó láti yọ wọ́n kúrò.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ya fọ́tò èèrà náà nínú ihò rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ya ti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì ya ti igi náà pẹ̀lú ewé àti èso rẹ̀. Ẹ kó díẹ̀ sínú sípíríìtì, ẹ mú ọ̀kan tàbí méjì lára kòkòrò pẹlẹbẹ yẹn mọ́ ọn, nítorí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò máa béèrè rẹ̀. Ẹ lè gbé fọ́tò náà sórí iNaturalist, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ti ń pín fọ́tò ẹranko àti igi, tàbí kí ẹ gbé ìgò lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì tó bá súnmọ́ yín.

Orúkọ Melissotarsus ni kí ẹ dúró lé. Ẹ má ṣe fi agbára sọ pé beccarii ni, tàbí weissi, tàbí emeryi: irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà nìwọ̀nyí, wọ́n sì jọra débi pé maikirosíkóòpù àti ojú tó ti mọ iṣẹ́ ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí ẹ̀yin nìkan lè sọ ni ibi tó ti wá. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́, ìlú, orúkọ igi, ibi tó wà lára igi náà, bóyá ara ìtí ni tàbí ẹ̀ka, sórí bébà kékeré, kí ẹ sì jù ú sínú ìgò náà gan-an. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, sípíríìtì máa pa tádàwà bíírò rẹ́.