Àṣìṣe tí àwọn tó ń kọ runtime library máa ń ṣe nítorí ìbẹ̀rù compiler

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kóòdù runtime library (àkójọ function tí program mìíràn máa ń pè nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́) tí wọ́n ń gbé wá fún mi yẹ̀ wò kún fún àyẹ̀wò tí kò nídìí. Ìbéèrè wọn ni pé: bí compiler (program tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ) bá ṣi ìṣirò ṣe ńkọ́? Bó bá gbé ìlà kan mì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́.

1. Ẹ má tètè dá compiler lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ fi -fsanitize=undefined (àṣẹ tó ń mú kí program figbe ta bí kóòdù bá ṣe ohun tí òfin C kò là sílẹ̀) yẹ kóòdù tiyín wò. Ẹni tó kọ if (x + 100 < x) kó lè mọ̀ bóyá int (nọ́ńbà odidi) ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí GCC (compiler kan fún èdè C) wá yọ àyẹ̀wò náà dànù, kò tíì rí bug kankan. Òfin C ló gba compiler láyè láti ka àkúnwọ́sílẹ̀ yẹn sí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

2. Ẹ má torí ìbẹ̀rù fi -O0 (àṣẹ tó ní kí compiler má ṣe mú kóòdù yára) gbé library jáde.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù: kíkọ àyẹ̀wò sínú library láti fi mú compiler. Ta ni yóò sọ àyẹ̀wò náà di èdè ẹ̀rọ? Compiler tí ẹ ò fọkàn tán yẹn náà ni. Olè lẹ fi ṣọ́ ilé! Ẹnìkan kọ memcpy (function tó ń da data kọ láti ibì kan sí òmíràn nínú memory) tirẹ̀, lúùpù kékeré tó ń da byte kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi -O3 (àṣẹ tó ní kí compiler sapá gan-an láti mú kóòdù yára) sí i lórí GCC àtijọ́ kan, stack (àyè memory tí ìpè function ń lò) kún, program kú. Ó figbe ta pé compiler ti bàjẹ́. Ló bá ki àyẹ̀wò bọ̀ ọ́, ó ní kí function náà tún gbogbo byte kà lẹ́yìn tó bá dà á kọ tán. Pàbó ló já sí. A fi objdump (irinṣẹ́ tó ń fi èdè ẹ̀rọ inú program hàn) ṣí i wò: ìpè sí memcpy la bá nínú memcpy. GCC ti dá lúùpù náà mọ̀, ó fi memcpy rọ́pò rẹ̀, function wá ń pe ara rẹ̀ láìdúró. Àyẹ̀wò ẹ̀yìn yẹn ò tiẹ̀ ráyè ṣiṣẹ́. -fno-tree-loop-distribute-patterns, àṣẹ tó ní kí GCC má ṣe irú ìrọ́pò bẹ́ẹ̀, ló yanjú ẹ̀.

Ti memset (function tó ń fi iye kan kún memory) tí ẹ fi ń nu password kúrò nínú memory ńkọ́? Compiler lè yọ ọ́, torí kò sẹ́ni tó tún ka ibẹ̀ mọ́. Function explicit_bzero, tí compiler kì í yọ, ti wà nínú glibc (library C ti GNU) láti 2017, ẹ lò ó.

Mi ò sọ pé compiler kì í ṣàṣìṣe o. Csmith, program tó ń hun kóòdù C lóríṣiríṣi láti fi dán compiler wò, iṣẹ́ àwọn ará Yunifásítì Utah, tú bug tó lé ní 325 jáde lára àwọn compiler, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Àmọ́ inú configure (script tó ń yẹ compiler àti ẹ̀rọ wò kí ẹ tó kọ́ library) ló yẹ kí ẹ ti mú irú ẹ̀: ẹ kọ ìdánwò kékeré kan tí version tó ní bug náà máa fìdí rẹmi níbẹ̀, kí ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi tó àwọn tó ni compiler létí. Kí ló dé tí ẹni tí compiler tiẹ̀ dá ṣáṣá yóò máa san gbèsè àyẹ̀wò yín nígbà gbogbo tí program rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́? Bó bá di dandan kí ẹ yí kóòdù padà, ẹ kọ nọ́ńbà bug náà àti version compiler sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn, kí ẹni tó bá ń bójú tó o lẹ́yìn yín lè mọ ìgbà tó yẹ kó yọ ọ́.