Kẹ́ ẹ tó pe táńkà agbégbẹ́, ẹ kọ́kọ́ wọn kòtò yín

Ẹ̀yin onílé, tẹ́ ẹ bá ti pe onítáńkà tẹ́ ẹ kàn ní "èló ni?", owó tó bá wù ú ló máa pè. Tírípù ni wọ́n fi ń gbowó, wọ́n ń wo bí táńkà ṣe tóbi tó àti bí ilé yín ṣe jìn sí ibi tí wọ́n máa dà á sí, torí náà ẹ mọ iye tí kòtò ìgbẹ́ yín, ìyẹn sẹ́pítíìkì, ń gbà.

Kò le rárá. Ẹ fi mítà wọn gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn ẹ̀, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, lítà tó ń gbà nìyẹn. Èyí tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní 2, tó jìn ní 2, lítà 12,000 nìyẹn. Tí táńkà tó ń bọ̀ bá jẹ́ ti lítà 10,000, wọ́n á ní tírípù méjì ni, ẹ ní ẹyọ kan tó, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù ò lè pa yín lára.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Èmi tí mò ń gbé lọ́nà Àjàh, oṣù keje ni mo pè wọ́n, òjò ń rọ̀ láìdá, wọ́n gbé tírípù méjì, inú mi dùn. Ọjọ́ kẹta mo ṣí i, ó ti kún dé ẹnu, omi lásán ló wà lókè! Omi ilẹ̀ ló ń ya wọlé látinú iyanrìn, owó mi ti wọgbó. Ibi tí omi bá ti súnmọ́ òkè, ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn jàre.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, ẹ rí i pé òfìfo ni táńkà, torí àwọn kan á ti gbé ti ilé ẹlòmíì dání. Sẹ́pítíìkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ ki hóòsì bọ̀, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ wà, omi ló ń ṣàn lọ sí sókàwéè, kòtò kejì tí omi ti ń wọ inú ilẹ̀. Kí wọ́n ro ó kó kan ìsàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi òkè nìkan ni wọ́n máa fà, ẹrẹ̀ á jókòó síbẹ̀. Páńpásì tó bá dí hóòsì, owó ọ̀tọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ inú ẹ̀ o, bó ti wù kó rí, gáàsì ibẹ̀ ń pààyàn, kí wọ́n má sì ṣáná nítòsí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tán kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fi símẹ́ńtì lẹ ìdérí padà, kẹ́ ẹ fi ìṣó kọ déètì sí i kó tó gbẹ.