Bí a ṣe ń tọ́jú róòsì nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Òṣogbo

Ní Òṣogbo, omi ló ń pa róòsì ju ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Bí ewé bá tutù fún nǹkan bíi wákàtí 7, àrùn àmì dúdú ti ráyè wọlé nìyẹn. Ẹ ó rí àmì dúdú roboto lójú ewé, ewé náà á pọ́n, á sì máa já láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí igi á fi di ọ̀pá lásán.

Nítorí náà, ibi tí oòrùn ti ń ràn tó wákàtí 6 lóòjọ́, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ kọjá, ni kí ẹ gbìn ín sí. Abẹ́ igi máńgòrò kò dára. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 45, kí ẹ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí i. Bí omi bá ṣì dúró síbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, orí ebè gíga ni kí ẹ gbìn ín sí. Ẹ po ìgbẹ́ màlúù ìdá kan mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ìdá mẹ́ta. Ìgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti jẹrà dáadáa, torí èyí tó ṣì ń gbóná á jó gbòǹgbò. Igi sí igi, mítà kan, kí ẹ̀gún má baà máa fa aṣọ àlejò ya.

Bí ẹ bá fẹ́ kí òdòdó yọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, àárín oṣù kẹfà ni kí ẹ ti gé e, nítorí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó tún tanná. Ẹ wá ojú tó kọjú síta, ibi pupa kékeré tó wú bí orí ìṣáná lára ẹ̀ka. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà lókè rẹ̀ ni kí ẹ gé, kí ojú ọgbẹ́ dà gẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, kí omi má dúró lé e. Bí kùkùté bá gùn jù, á gbẹ, á sì máa jẹrà wálẹ̀. Ẹ wo inú ẹ̀ka tí ẹ gé: bó bá ṣì rí bí tábà, ẹ máa gé wálẹ̀ títí yóò fi funfun. Ẹ fi sípírítì nu ojú sísọ́ọ̀sì kí ẹ tó bọ́ sí igi mìíràn.

Lẹ́ẹ̀rùn, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó igi kan, ní òwúrọ̀, nídìí igi nìkan. Koríko gbígbẹ tí ẹ fi bo ìdí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan igi, torí ikán.

Ewé tó já sílẹ̀, ẹ gbá a lójoojúmọ́, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má kó o sórí ààtàn ajílẹ̀, torí ibẹ̀ ni àrùn náà ti ń padà wá.